Patrick O'Connell: Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kó Barcelona yọ lọ́wọ́ ogun, àmọ́ tí wọ́n sin bí ẹni tí kò ní ẹnì kankan

Lọ́jọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1959, arúgbó kan jáde láyé nílùú London. Àìsàn òtútù àyà ló pa á. Kò nílé, kò lọ́nà. Yàrá òkè àjà nílé ọmọ ìyá rẹ̀ kan ló ń gbé, owó táṣẹ́rẹ́ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́ ló sì fi ń jẹun. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé itẹ́ òkú St Mary's tó wà ní Kensal Green, inú sàréè tí kò ní òkúta, tí kò sì ní orúkọ, ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kò lè mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ láyé rẹ̀. Patrick O'Connell lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Ireland ni. Ó ṣe balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Manchester United, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ife ẹ̀yẹ. Ní ilẹ̀ Sípéènì tó ti ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún un pọ̀ débi pé Don Patricio ni wọ́n ń pè é, bí ìgbà tí Yorùbá bá pe ẹnì kan ní Alàgbà.

Àwọn tó ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Sípéènì láwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń dárà níbẹ̀, yóò rántí àwọn ẹgbẹ́ tí O'Connell tọ́. Racing Santander, tí Mutiu Adepoju ọmọ Ìbàdàn gbá bọ́ọ̀lù fún, wà lára wọn. Betis tí Finidi George ti ṣeré wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Barcelona tí Emmanuel Amunike lọ. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sí àádọ́rin ọdún ṣáájú kí àwọn ọmọ wa tó débẹ̀ ni O'Connell ti kọ́ àwọn ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní bọ́ọ̀lù. Betis gba líìgì nípasẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ogun sì fẹ́ pa Barcelona run, ó wà lára àwọn tí kò jẹ́ kó kú.

Báwo wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe parí ayé rẹ̀ láìní ẹni tí yóò ra òkúta sórí sàréè rẹ̀? Ìtàn tó fa èyí gùn, kì í sì í ṣe inú pápá bọ́ọ̀lù nìkan ló ti ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Dublin

Ọdún 1887 ni wọ́n bí Patrick nílùú Dublin, àdúgbò Drumcondra ló sì gbé dàgbà. Lásìkò yẹn, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ilẹ̀ Ireland wà. Ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Boland, níbi tí wọ́n ti ń lọ ọkà di ìyẹ̀fun. Àmọ́ bọ́ọ̀lù ló wà lọ́kàn rẹ̀. Láti inú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà ní Dublin ló ti bọ́ sí ẹgbẹ́ Belfast Celtic, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Ireland.

Kó tó fi ilẹ̀ Ireland sílẹ̀ ló ti fẹ́ Ellen Treston níyàwó. Ọmọ mẹ́rin ni Ellen bí fún un. Kí ẹ fi orúkọ obìnrin yìí sọ́kàn, nítorí ẹrù tí ọkọ rẹ̀ kò gbé, òun ló gbé e.

Lọ́dún 1909, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Sheffield tí wọ́n ń pè ní The Wednesday láyé ìgbà náà ra O'Connell wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí ààyè ṣeré níbẹ̀, ó sì lọ sí Hull City lọ́dún 1912. Ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè.

Ọdún 1914 ni ọdún rẹ̀. Nígbà náà, ọdọọdún ni ilẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, Scotland, Wales àti Ireland, máa ń bá ara wọn fẹsẹ̀ wọnsẹ̀ láti mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Ireland kò tíì dá ife náà gbà rí. Lọ́dún náà, wọ́n na Wales ní ayò 2 sí 1. Wọ́n lọ sí Middlesbrough, wọ́n na Gẹ̀ẹ́sì ní ayò 3 sí òdo nínú ilé ara rẹ̀. Ó wá ku Scotland, tó wá bá wọn nílùú Belfast lóṣù kẹta. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ náà le. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Ireland fara pa, wọn kò sì pé mọ́ lórí pápá. Ìtàn sọ pé apá O'Connell fúnra rẹ̀ ṣẹ́, àmọ́ kò jáde, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbá bọ́ọ̀lù náà dópin. Wọ́n ta ọ̀mì 1 sí 1, ife sì di ti Ireland.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Manchester United san 1,000 pọ́n-ùn lórí rẹ̀, owó tó tóbi gan-an láyé ọjọ́un. Wọ́n sì fi í ṣe balógun ikọ̀ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì Rere

Ìgbà tí O'Connell dé Manchester ni ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣì gbá líìgì ọdún náà parí, àmọ́ gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ti mọ̀ pé wọn yóò dá bọ́ọ̀lù dúró, owó oṣù yóò sì dáwọ́ dúró pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lọ sójú ogun. Manchester United tí a ń wí yìí sì ti ń já wálẹ̀ lórí tábìlì líìgì.

Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1915, tó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì Rere tí àwọn Kristẹni fi ń rántí ikú Jésù, Manchester United gbàlejò Liverpool ní pápá Old Trafford. United borí pẹ̀lú ayò 2 sí òdo. Àmọ́ àwọn òǹwòran kò dunnú, ńṣe ni wọ́n ń kùn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò sáré bó ṣe yẹ. Nígbà tí United rí wòmí-n-gbá-a-sí-ọ gbà, O'Connell tó jẹ́ balógun ló gbá a, bọ́ọ̀lù náà sì jìnnà sí ojúlé débi pé àwọn èèyàn ń wo ara wọn lójú.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi tú síta. Àwọn kan ti fi owó ńlá ta tẹ́tẹ́ pé ayò 2 sí òdo ni United yóò fi borí, iye tí tẹ́tẹ́ náà sì ń san jẹ́ ìlọ́po méje owó tí èèyàn bá fi síbẹ̀. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí, wọ́n sì lé agbábọ́ọ̀lù méje kúrò nídìí bọ́ọ̀lù títí láé, mẹ́ta láti United, mẹ́rin láti Liverpool. Sandy Turnbull tó wà lára wọn kú sójú ogun ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1917. Wọ́n dárí ji àwọn yòókù nígbà tí ogun parí, àfi Enoch West tó jẹ́ pé ọdún 1945 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tirẹ̀.

Orúkọ O'Connell kò sí lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù tó gbá síta yẹn kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀ títí di òní. Ayò 2 sí òdo náà wà lára ohun tó kó United yọ, nítorí àmì 30 ni wọ́n fi parí líìgì, Chelsea tó wà lábẹ́ wọn sì ní 29.

Ó lọ, kò padà wálé

Nígbà tí ogun parí, O'Connell ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Dumbarton ní Scotland, lẹ́yìn náà ló lọ sí Ashington, ìlú àwọn awakùsà èédú tó wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá, tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó sì tún ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1922, ẹgbẹ́ Racing tó wà nílùú Santander, létí òkun ní àríwá ilẹ̀ Sípéènì, wá akọ́nimọ̀ọ́gbá. Lásìkò yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Yúróòpù ti máa ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. O'Connell gba iṣẹ́ náà, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Òun nìkan ló lọ. Ellen àti àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣẹ́kù sí Manchester. Owó máa ń dé láti Sípéènì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹni tó fi owó náà ránṣẹ́ kò dé. Ọdún kan di ọdún méjì, ọdún méjì di mẹ́wàá, àwọn ọmọ dàgbà láìmọ bí ohùn bàbá wọn ṣe rí. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, àmọ́ ti ọkùnrin yìí dùn títí ó fi gbàgbé ọ̀nà ilé.

Ní Santander, iṣẹ́ rẹ̀ yọrí. Ó bá àwọn ọ̀dọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù yí lẹ́sẹ̀, tí oníkálukú sì fẹ́ dá a yí fúnra rẹ̀. Ó kọ́ wọn láti máa fi bọ́ọ̀lù fún ara wọn, láti ṣọ́ ẹ̀yìn ilé wọn, kí wọ́n sì ní okun tí yóò gbé wọn dé òpin eré. Racing di ọ̀gá ní agbègbè wọn léraléra. Nígbà tí wọ́n ń dá líìgì gbogbo ilẹ̀ Sípéènì sílẹ̀, ẹgbẹ́ mẹ́wàá péré ló máa wọ ìpele kìíní, àwọn mẹ́sàn-án sì ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń du ipò kan tó kù. Racing na Sevilla, ó sì gba ipò náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ìlú kékeré yìí ṣe wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ líìgì lọ́dún 1929.

Lẹ́yìn èyí, O'Connell lọ tọ́ ẹgbẹ́ Oviedo, kó tó gba gúúsù lọ, sí ìlú Seville.

Ọjọ́ tí Betis gba líìgì

Ẹgbẹ́ méjì ló wà ní Seville, Sevilla àti Betis. Betis ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ìlú náà ń tì lẹ́yìn. Lọ́dún 1932, òun ló kọ́kọ́ wọ ìpele kìíní nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní ẹkùn Andalusia. Kò sí ẹni tó rò pé yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn ẹgbẹ́ Madrid, Bilbao àti Barcelona ló lówó, àwọn ló sì lókìkí.

Ẹ̀yìn ni O'Connell ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ó ní Urquiaga tó jẹ́ aṣọ́lé, ó ní Areso àti Aedo tó ń dí ẹ̀yìn, ọmọ ilẹ̀ Basque ní àríwá sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú líìgì ọdún 1934 sí 1935, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá, ayò 19 péré ló sì wọlé Betis nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ilé rẹ gbá bọ́ọ̀lù sí, báwo ni yóò ṣe borí rẹ?

Nígbà tó máa ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, àmì kan péré ni Betis fi ṣíwájú Madrid. Ibi tí wọ́n sì ti máa gbá èyí tó kù gan-an ni Santander, nínú ilé ẹgbẹ́ tí O'Connell ti lo ọdún méje. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa òru tó ṣáájú ọjọ́ náà, pé O'Connell lọ kí àwọn ọmọ tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n wà, ó sì fi ọgbọ́n bi wọ́n bóyá ó yẹ kí wọ́n fi ara wọn ṣe wàhálà, nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n máa rí gbà níbẹ̀. Wọ́n ní wọ́n dá a lóhùn pé àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ àwọn ń fẹ́ kí Madrid ló gba líìgì. Bóyá ìtàn náà rí bẹ́ẹ̀ tàbí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1935 hàn sí gbogbo ayé. Betis na Racing ní ayò 5 sí òdo. Àmì 34 ni wọ́n fi parí, Madrid ní 33.

Láti ọjọ́ náà títí di àsìkò yìí, Betis kò gba líìgì ilẹ̀ Sípéènì mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn náà ni, ọmọ Dublin ló sì fi gbà á.

Barcelona pè é, ogun sì dé

Kò pẹ́ tí Betis gba líìgì ni Barcelona fi ránṣẹ́ pe O'Connell. Josep Sunyol ni wọ́n fi jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1935 yìí kan náà. Olóṣèlú ni, ó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì gbà pé ẹkùn Catalonia, tó ní èdè àti àṣà tirẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti máa darí ara rẹ̀. O'Connell gba ife ẹkùn Catalonia fún wọn. Lóṣù kẹfà ọdún 1936, ó gbé wọn dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Sípéènì nílùú Valencia, níbi tí wọ́n ti kojú Madrid. Madrid ló borí pẹ̀lú ayò 2 sí 1, nítorí pé nígbà tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Zamora tó jẹ́ aṣọ́lé Madrid gba bọ́ọ̀lù kan tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti wọlé.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìbọn fi dún. Àwọn ọ̀gágun kan, tí Franco wà lára wọn, dìtẹ̀ sí ìjọba, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ ní Sípéènì lóṣù keje ọdún 1936. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹjọ, Sunyol ń rìnrìn àjò lẹ́bàá òkè Guadarrama nítòsí Madrid, ọkọ̀ rẹ̀ sì ṣèèṣì wọ ibi tí àwọn ọmọ ogun Franco wà. Wọ́n yìnbọn pa á láìgbé e lọ sílé ẹjọ́.

Ilẹ̀ Ireland ni O'Connell wà, tó ti lọ lo ìsinmi rẹ̀, nígbà tí gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀. Barcelona fi yé e pé tí kò bá fẹ́ padà, àwọn kò ní í bínú sí i. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ìdí ogun kì í ṣe ibi tí èèyàn ń sáré lọ. Àmọ́ O'Connell di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Barcelona.

Ẹgbẹ́ tó padà bá kò ní ààrẹ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló kóra jọ, tí wọ́n sì gba àkóso, kí àwọn ẹlòmíràn má baà wá gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Líìgì gbogbo ilẹ̀ Sípéènì ti dáwọ́ dúró, nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ tó wà lápá ibi tí ìjọba ṣì ń ṣàkóso ṣe tiwọn láàárín ara wọn. Barcelona ló gba ìdíje náà lọ́dún 1937. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti lọ sójú ogun, owó ìwọlé dín kù, gbèsè ń pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ náà ti fẹ́ kú.

Ìrìnàjò Mẹ́síkò

Ibẹ̀ ni oníṣòwò kan tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, lápá kejì òkun, ti gbé ọ̀rọ̀ kan wá. Ó ní kí Barcelona wá gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ará ibẹ̀, òun yóò san 15,000 dọ́là, òun yóò sì tún san owó ọkọ̀ àti ilé gbígbé. Owó tó lè gba ẹ̀mí là nìyẹn.

Lọ́dún 1937, O'Connell kó agbábọ́ọ̀lù 16 lọ, pẹ̀lú dókítà, olùtọ́jú ara àti akọ̀wé ẹgbẹ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n la òkun kọjá. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbà wọ́n ní Mẹ́síkò. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, oúnjẹ wà, ìbọn kò dún létí wọn. Láti Mẹ́síkò ni wọ́n ti lọ sí New York ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tún gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Nígbà tó yá, àsìkò tó láti padà sílé. Wọ́n fi yé àwọn agbábọ́ọ̀lù pé oníkálukú ló ni ẹ̀mí ara rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ dúró kó dúró. Nínú àwọn 16, mẹ́rin péré ló padà sí Barcelona. Àwọn yòókù dúró sí Mẹ́síkò tàbí kí wọ́n yà sí ilẹ̀ Faransé. O'Connell wà lára àwọn tó padà sínú ogun.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù pọ̀ tí wọn kò bá wọn padà, àmọ́ owó náà kò nù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fi pamọ́ sí báǹkì ní Paris, níbi tí ọwọ́ àwọn jagunjagun kò lè dé. Òun ni wọ́n fi san gbèsè, òun ni kò sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà tú ká. Lóṣù kẹta ọdún 1938, bọ́ǹbù láti inú bàálù já lu ọ́fíìsì Barcelona, ilé náà wó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1939, àwọn ọmọ ogun Franco wọ ìlú. Ilé ti wó, ààrẹ ti kú, àmọ́ Barcelona ṣì wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń pe O'Connell ní ẹni tó gba Barcelona là. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é o, nítorí akọ̀wé àti àwọn òṣìṣẹ́ náà jìjàkadì. Àmọ́ òun tó jẹ́ àlejò, tí kò sí ẹni tó lè fi ipá mú, ló padà wá lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ tó di ọmọ ẹ̀gbọ́n

Lẹ́yìn ogun, O'Connell padà sí Betis, tó ti já sí ìpele kejì, ó sì tọ́ wọn títí wọ́n fi gòkè padà lọ́dún 1942. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ará Seville kò lè gbàgbọ́, ó sọdá sọ́dọ̀ Sevilla tí wọ́n jọ ń bá ara wọn figagbága. Ọdún àkọ́kọ́ tó lò níbẹ̀, Sevilla ṣe ipò kejì nínú líìgì. Láàárín ọdún 1947 sí 1949, ó tún padà sí Racing Santander, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí.

Ní gbogbo àkókò yìí, ó ní ilé mìíràn ní Seville. Ó ti fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ireland mìíràn níbẹ̀, Ellen sì ni orúkọ ìyẹn náà, láìjẹ́ pé ó kọ Ellen àkọ́kọ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ilẹ̀ wa mọ ìyàwó méjì, àmọ́ ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ẹ̀ṣẹ̀ ló jẹ́ lójú òfin àti lójú ìjọ. Bó bá sì jẹ́ ilẹ̀ wa náà ni, ẹni tó fẹ́ ìyàwó kejì kì í fi ti àkọ́kọ́ pamọ́, kì í sì í sẹ́ ọmọ.

Láwọn ọdún 1950, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí Ellen ti Manchester bí wá bàbá rẹ̀ lọ sí Seville. Ọmọ kékeré ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ, ó ti di àgbà. Ó rí i. Àmọ́ nígbà tí O'Connell máa fi í han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò pè é ní ọmọ. Ó ní ọmọ ọmọ ìyá òun ni. Ọmọkùnrin náà fi ilẹ̀ Sípéènì sílẹ̀, ó ti rí bàbá, kò sì ní bàbá.

Ohun tó ṣe ẹgbẹ́ Barcelona lóore, òun kan náà ni kò ṣe ìdílé rẹ̀ lóore. Ẹgbẹ́ tó wà nínú ogun, ó padà lọ bá a. Ilé tó wà ní Manchester, níbi tí kò sí ogun, kò padà síbẹ̀.

Òkúta lórí sàréè

Láàárín àwọn ọdún 1950 yìí náà ni O'Connell fi Sípéènì sílẹ̀. Owó ti tán, ó sì lọ sí London, sí ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pè é ní Don Patricio níbẹ̀. Ó kú ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án sígbà tí ì bá pé ẹni ọdún 72.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí sàréè náà fi wà bẹ́ẹ̀ láìní orúkọ. Àwọn tó wá rántí rẹ̀ ni ó yẹ kó yani lẹ́nu. Inú ìdílé tó fi sílẹ̀ ní Manchester ni wọ́n ti wá. Ìyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ló wádìí ìtàn rẹ̀ káàkiri, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde lọ́dún 2016. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù dá owó jọ, wọ́n tún sàréè náà ṣe, wọ́n fi òkúta tó gbé orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Nílùú Seville, Betis gbẹ́ ère orí rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ẹni tó fún wọn ní líìgì kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Àwọn tó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí kò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló wá a kàn. Ellen kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkúta sórí sàréè ọkọ rẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ mẹ́rin tó dá tọ́ ni ìdílé náà ti dìde. Ká ní obìnrin náà jẹ́ kí ilé tú nígbà tí ọkọ lọ, kò bá má sí ẹni tí yóò ṣe é. Patrick O'Connell gba ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù là nítòótọ́, kò sì sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ilé tí kò bójú tó ló gba orúkọ rẹ̀ là.